Ìtọ́jú Ojú àti Adójútòfò Ìlera: Ǹjẹ́ Ó Tọ́ fún Mùsùlùmí?

Nínú àwọn ìdẹ̀ra tí Ọlọ́hun Ọba ṣe fún ọmọ Ádámọ̀, ipò ojú ga púpọ̀. Àwọn àgbà sì sọ pé ojú lọba ara. Síbẹ̀, ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàrin 2005 sí 2007 fi hàn pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìfọ́jú àwọn tí ó ti pé 40 ọdún ni ó ṣeé dènà tàbí kí ó ṣeé wò. Kátáráàtì, ìyẹn kí awò inú ẹyinjú di funfun bí èéfín, nìkan kó ju 40 lọ nínú 100. Iṣẹ́ abẹ ni í wò ó, ṣùgbọ́n owó ni ìdènà. Ẹni tí kò rówó ilé-ìwòsàn a lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń fi ohun mímú ti awò náà sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ a sì ti ibẹ̀ fọ́jú pátápátá.

Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin adójútòfò ìlera ní 1999; ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005; òfin ti 2022 sì sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa dá owó díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ara le, kí wọ́n lè fi tọ́jú ẹni tí àìsàn bá kàn. Yorùbá tí ó mọ èésú àti àárò kò lè pe èyí ní àjèjì.

Àwọn Mùsùlùmí kan ń sá fún un. Wọ́n ní èèwọ̀ ni, pé ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kò gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Ní ti ìgbẹ́kẹ̀lé, Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàṣẹ pé kí ènìyàn wá ìwòsàn. Ó sì kọ́ ẹni tí ó ní ràkúnmí pé kí ó so ó kí ó tó fi í lé Ọlọ́hun lọ́wọ́. Ní ti èèwọ̀, ìgbìmọ̀ onímọ̀ Fiqhi ti àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí jókòó ní Jeddah ní ìparí ọdún 1985. Wọ́n kọ adójútòfò oníṣòwò nítorí àìdánilójú tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí èyí tí ó dúró lórí ìrànlọ́wọ́ àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Ètò tí òfin gbé kalẹ̀ fún ìlera gbogbo ìlú súnmọ́ ti ìkejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí yóò ra ti ilé-iṣẹ́ aládàáni, kí ó kọ́kọ́ bi onímọ̀ léèrè.

Ṣùgbọ́n ìforúkọsílẹ̀ nìkan kò tó. Kí ènìyàn béèrè kí àìsàn tó dé: ṣé iṣẹ́ abẹ kátáráàtì wà níbẹ̀? Oògùn glaucoma tí aláìsàn yóò máa kán sójú títí ayé ńkọ́? Awò ojú ńkọ́? Kí ó rántí pé ilé-ìwòsàn tí ó yàn ni yóò kọ́kọ́ lọ; ibẹ̀ ni wọn yóò ti kọ̀wé rán an sí oníṣègùn ojú. Kí ó má sì dúró dìgbà tí ojú bá ń dùn ún, nítorí glaucoma kì í sábà dunni, ìríran tí ó bá sì mú lọ kì í padà.

Ojúṣe àwọn ìjọ mọ́sáláṣí náà ńkọ́? Àgbà tí kò níṣẹ́ oṣù, opó àti aláìní kò lè dá owó yìí. Ìjọ tí ó lè fi sàráà ra ìrẹsì fún wọn lọ́jọ́ ọdún lè fi san owó ọdún kan fún wọn pẹ̀lú. Ìrẹsì yóò tán lọ́jọ́ kejì. Ojú tí ó là yóò tún ka Alùkùránì.

Ọlọ́hun ni Onímọ̀ jùlọ.