Ẹjọ́ Òwìwí

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ fún wa láyè kí a bá ẹni tí kò lè rojọ́ rojọ́.

Ní ìsinmi tí ó kọjá, a wà ní Ìdímù, ní ilé kan tí ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. (Ẹni tí ó bá mọ Ìdímù nísinsìnyí yóò mọ̀ pé irú rẹ̀ kò pọ̀ mọ́.) Òwìwí olójú funfun kan ń gbé inú àjà ilé àtijọ́ tí ó wà níbẹ̀. Igbe rẹ̀ ní òru dà bí ìgbà tí a ń fa aṣọ ya.

Ní ọ̀sẹ̀ náà ni ibà dá àbúrò bàbá wa obìnrin dùbúlẹ̀. Òwìwí ké, wọ́n ní ẹyẹ àjẹ́ ni, ó wá pè é. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọ̀dọ́ gun àjà, wọ́n sì pa á pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjì. Ara aláìsàn yá lẹ́yìn náà. Gbogbo ilé yin àwọn apẹyẹ. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ oògùn ibà tí ó lò. Àwa náà dúró níbẹ̀, a kò sì la ẹnu.

A kò sọ pé àwọn àgbà purọ́. Òwìwí a máa ké ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ òru, ṣùgbọ́n ilé tí ara gbogbo wọn le ti sùn lọ. Ilé aláìsàn ni fìtílà ti ń jó, tí etí sì là sílẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń gbọ́ ọ, àwọn ni wọ́n sì ń rántí rẹ̀ bí aláìsàn bá kú. Ta ni ó ń ka òru tí ó ké tí ẹnikẹ́ni kò kú?

Ìṣù dúdú kéékèèké tí ẹyẹ náà bì sílẹ̀ wà lábẹ́ àjà. A tú u wò: agbárí eku, egungun eku, irun eku. Etí irú òwìwí yìí kò dọ́gba, ọ̀kan ga ju èkejì lọ; èyí ni ó fi ń mọ ibi tí eku wà nínú òkùnkùn biribiri. Eku kò sì ṣe é fojú kéré: láti ara eku ni ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní ọdún 1969, ti ń ran ènìyàn.

Bí ọmọ ilé-ìwé bá bi wá léèrè nípa òwìwí, àwa fara mọ́ ọn pé kí a fi irú ìṣù bẹ́ẹ̀ lé e lọ́wọ́, kí ó tú u wò fúnra rẹ̀.

Kí a tó kúrò ní Ìdímù, eku ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹ àgbàdo tí ìyá wa so sókè àjà.