Òfin Nìkan Kò Lè Sọ Bí Kánsù Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Láàárín ọdún 1970 sí 1977, Richard Fenno, onímọ̀ ìṣèlú ní Amẹ́ríkà, tẹ̀ lé aṣojú-ṣòfin 18 lọ sí agbègbè tó dìbò yàn wọ́n. Ó ń bá wọn wọ mọ́tò, ó ń bá wọn dé ìpàdé, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń bá èrò sọ̀rọ̀, ó sì ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ bí ọkọ̀ bá ti kúrò níbẹ̀. Ìwé rẹ̀, Home Style, jáde lọ́dún 1978.

Ohun tó bá bọ̀ kò sí nínú àkọsílẹ̀ ìbò kankan. Bí aṣòfin bá délé, ilé aṣòfin tí òun náà wà nínú rẹ̀ ló máa ń bú: àwọn yòókù ló bàjẹ́, òun ló ń bá wọn jà nítorí ará ilé. Abájọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń bẹnu àtẹ́ lu ilé aṣòfin, síbẹ̀ tí wọ́n ń dá aṣòfin tiwọn padà síbẹ̀.

Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, tí onímọ̀ fi ń wà láàárín àwọn tó ń ṣèwádìí nípa wọn, ni ìjọba ìbílẹ̀ Nàìjíríà nílò. Abala 7 ìwé òfin 1999 ní àwọn tí aráàlú dìbò yàn ni kó máa ṣàkóso kánsù. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó kánsù máa lọ sọ́wọ́ kánsù tààrà. Ẹni tó ka méjèèjì tán kò tíì mọ bí alága ṣe ń lo ọjọ́ rẹ̀. Kó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ọ́fíìsì alága fún oṣù mélòó kan. Yóò rí ìyá tó mú ìwé owó ilé ìwé ọmọ wá, yóò rí olórí wọ́ọ̀dù tó kọjá lára gbogbo wọn wọlé láìkan ilẹ̀kùn, yóò sì gbọ́ orúkọ ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ rí kí fáìlì tó kúrò lórí tábìlì.

Lóòótọ́, èèyàn 18 kò pọ̀, ẹni tó bá sì pẹ́ lọ́dọ̀ olóṣèlú lè di ọmọlẹ́yìn rẹ̀. Fenno fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nípa sísúnmọ́ wọn jù. Àmọ́ ẹni tó bi ẹgbẹ̀rún èèyàn ní ìbéèrè tí kò bọ́ sí i, òfo ló kó jọ. Àwọn yunifásítì Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó ní akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń ṣèpàdé wọ́ọ̀dù dáadáa. Kí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣèlú wọn gba ọdún kan ní kánsù gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé, kí wọ́n sì wá owó tí akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò fi jẹun níbẹ̀.