Ìràwọ̀ Márùn-ún Kì Í Ṣe Ẹ̀rí, Ẹni Tó Ti Lò Ó Ni Kó Sọ̀rọ̀



Àwọn kan wà láàárín wa tó ń sọ pé kò sí ìwúlò nínú ohun tí àwọn oníbàárà ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa ọjà tí wọ́n rà, èyí tí àwa tó kàwé ní èdè Faransé ń pè ní avis. Wọ́n ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé kí kálukú lọ sọ́jà Atakpamé, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ohun tó fẹ́ rà. Àwa kò gbà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ìyá wa tó fẹ́ ra gàrí máa ń tọ́ ọ wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó tó dé ìdí igbá, ó ti bi aládùúgbò rẹ̀ léèrè pé ọwọ́ ta ni gàrí tó dára wà. Ìbéèrè yẹn gan-an ni avis. Òyìnbó kọ́ ló kọ́ wa.

Ọjà òde òní sì ju ohun tí ọwọ́ lè mọ̀ lọ. Ẹ lè máa fọwọ́ pa fóònù títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọwọ́ yín kò ní sọ fún yín pé bátìrì rẹ̀ á wú lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ lè gbé iná sólà sókè wò, ojú yín kò ní rí i pé kò lè ṣe ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ẹni tó ti lò ó nìkan ló mọ̀.

Àwọn tó ń pariwo irọ́ ní ẹ̀rí tiwọn, a kò ní fi pamọ́. Ní ọdún 2017, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Oobah Butler sọ ahéré ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Dulwich, ní London, di ilé oúnjẹ lórí TripAdvisor. Kò se oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kọ ìyìn síbẹ̀ ni, títí ahéré náà fi gba ipò kìn-ín-ní nínú gbogbo ilé oúnjẹ London. Ní oṣù keje ọdún 2022, Amazon pe àwọn alákòóso ẹgbẹ́ Facebook tó lé ní 10,000 lẹ́jọ́, nítorí pé níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi owó tàbí ọjà ọ̀fẹ́ ra ọ̀rọ̀ dídùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ronú. Owó ni wọ́n máa ń ṣe ayédèrú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ṣe ayédèrú ewé gbígbẹ. Bí ọ̀rọ̀ oníbàárà kò bá níye lórí, ta ni ìbá náwó sí i? Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi dá sí i. Ní Faransé, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, ìkànnì tó bá ń gbé avis jáde gbọ́dọ̀ sọ fún òǹkàwé bóyá wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Amẹ́ríkà, òfin tó ka rírà àti títà ayédèrú rẹ̀ léèwọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2024.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rajà ní irú ìkànnì ńlá bẹ́ẹ̀. Orí Facebook àti WhatsApp la ti ń rà á, a ó fi owó ránṣẹ́ lórí Flooz, a ó sì máa wo ọ̀nà. Ojú ìwé náà, ti olùtajà ni. Òun ló ń pa ọ̀rọ̀ ẹni tó bínú rẹ́, òun náà ló ń ya fọ́tò ọ̀rọ̀ ẹni tó yìn ín. Ẹ̀yin sì ń ka ìyìn náà, ẹ pè é ní ẹ̀rí! A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ara yín lẹ ń ṣìkà sí.

Nítorí náà, ẹ wá orúkọ ọjà àti ti olùtajà níbi tí olùtajà kò ti láṣẹ. Ẹ fo ìyìn tí kò ní ju “ó dára gan-an” lọ, ẹ fo èébú náà. Ẹ wá ẹni tó sọ ọjọ́ tó rà á, ohun tó fi ń ṣe, ibi tó dára sí àti ibi tó kù sí. Bí ìyìn ogún bá jáde lọ́jọ́ kan náà, tí gbogbo wọn ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ sá. Kí ẹ sì bèèrè ibi tí ẹni tó kọ ọ́ ń gbé. Fíríìjì tí wọ́n yìn ní Paris kò tíì bá iná tó ń lọ tó ń bọ̀ pàdé, kò sì mọ eruku ọyẹ́.

Ìyẹn ló mú wa dé orí àwa fúnra wa. Ní Kamina yìí, àwọn Jámánì kọ́ ilé rédíò ńlá kan tó ń gba ọ̀rọ̀ láti Nauen, nítòsí Berlin. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, àwọn fúnra wọn ló bà á jẹ́ kí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó dé. Àwọn èèyàn ilẹ̀ yìí ló ṣe làálàá ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń kọjá lórí wọn kì í ṣe tiwọn, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n ní nǹkan kan. Lónìí, fóònù wà lọ́wọ́ wa, a lè gbọ́, a sì lè fèsì. Kí ló dé tí a kàn ń gbọ́?

Ìtìjú ni. Wọ́n á gba 30,000 sẹ́fà lọ́wọ́ ẹnìkan, wọ́n á fi ẹ̀rọ tó ti kú ránṣẹ́ sí i, á sì gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ará ilé má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ra irú rẹ̀ gan-an lọ́wọ́ ẹni kan náà. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Lórí èyí, tara àwọn ẹlòmíì náà á bá a dákẹ́.

Ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, ní Ifẹ̀ tiwa, kí ìyá tí kò gbọ́ Faransé lè rí ẹni kà á fún un kó sì yé e. Ẹ má parọ́ mọ́ olùtajà, ẹ má fi orúkọ oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ yín ṣeré. Ẹni tó bá sì ṣe dáadáa, ẹ yìn ín, nítorí pé olóòótọ́ tí a kò yìn, ọ̀lẹ la ń sọ ọ́ dà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwa tí a ń pe ara wa ní ọmọ Ifẹ̀ ní ilẹ̀ Togo, ó yẹ ká mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ rà kẹ́yìn ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ síhìn-ín: iye tó jẹ́, ọjọ́ tí ẹ rà á, àti bó ṣe ń ṣe lónìí.