Ẹrù Ló Ń Mu Epo, Kì í Ṣe Orúkọ Ọkọ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Houston, tí ẹ ń ra tòkunbọ̀ ní gbàǹjo, tí ẹ ń fà á lọ sí èbúté kó lè wọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu yín tó ń jẹ yín lówó: "Má ra píkọ́ọ̀pù ńlá o, epo ló ń mu bí omi. Ra kékeré, kó o rí owó epo fi pamọ́."

Irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ti ṣẹ̀. Lójú fèrèsé Ford F-150 tuntun, tó jẹ́ kékeré, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n lẹ iye máìlì tó ń fi gálọ́ọ̀nù kan rìn mọ́ ọn: nǹkan bí 20. Lójú fèrèsé àwọn ńlá bíi F-250 tàbí Ram 2500, ẹ ò ní bá a níbẹ̀. Ẹ wá rò pé ìtìjú ni wọ́n ń bò. Rárá o. Òfin ló yọ wọ́n sílẹ̀, torí pé píkọ́ọ̀pù tí àpapọ̀ ìwúwo rẹ̀ àti ẹrù orí rẹ̀ lè ju pọ́ùn 8,500 lọ kò sí lábẹ́ àṣẹ náà. 20 tí ẹ sì ń yangàn sí, òfìfo ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ta ni nínú yín ló ń lọ sí Dallas lófìfo, tó ń padà wá sílé lófìfo?

Ẹ gbé Highlander méjì sórí tírélà onírin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó pọ́ùn 4,000, tírélà fúnra rẹ̀ lè tó 5,000. Ó di 13,000. Ìpolówó ní F-150 kan wà tó lè fa iye yẹn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ẹrù yẹn gbọ́dọ̀ tẹ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, kí tírélà má baà máa jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún lójú títì. Ìyẹn 1,300 sí 1,950. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ ka iye tí wọ́n ní ọkọ̀ náà lè gbé. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn kékeré, kì í tó 2,000, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sínú rẹ̀ sì wà nínú ìṣirò náà.

Epo wá ńkọ́? Tí ẹrù bá wọ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù onítọ́bò lọ́rùn, ṣe ló ń da epo lé epo kó má baà gbóná jù. 20 á já sí 10, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì bíi Cummins onílítà 6.7 inú Ram ò níṣòro yẹn. Agbára rẹ̀ ń jáde láìjẹ́ pé ó ń ké, gálọ́ọ̀nù dísẹ́ẹ̀lì kan sì lágbára ju ti bẹntiróòlù lọ ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ó tún lé. Ohun tí kékeré ń fi ipá ṣe, ńlá ń fi ẹ̀rín ṣe é.

Mi ò ní kí gbogbo ayé lọ ra dísẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó ń fa ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tó ń fi píkọ́ọ̀pù lọ síbi iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì, kó ra kékeré, kó háyà ńlá lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì wọ́n, ó ń béèrè omi yúríà, ìrìn kúkúrú sì ń dí àsẹ́ èéfín rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń fà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wọn ẹrù kí ẹ tó ra ọkọ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ fi epo pamọ́ lóòótọ́, ẹ dín eré kù láti máìlì 75 sí 65 ní wákàtí kan: ipá tí afẹ́fẹ́ fi ń dá yín dúró á fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù. Ẹni tó bá tún sọ fún yín pé píkọ́ọ̀pù òun kì í mu epo, ẹ bi í léèrè: kí ló so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀?