Ìlú Kò Ṣófo Kí A Tó Dé



Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń gbé ní Kubwa, Nyanya, Karu tàbí Lugbe. Bí ọmọ yín bá bi yín léèrè pé, "Ta ni ó ń gbé orí ilẹ̀ yìí kí a tó dé?", èsì wo ni ẹ ó fún un? Ọ̀pọ̀ òbí ni yóò sọ pé igbó lásán ni Àbújá kí ìjọba tó dé ibẹ̀. Ìdáhùn yìí kò tọ̀nà. Àwọn Gbagyi, tí àwọn Hausa ń pè ní Gwari, ni wọ́n pọ̀ jù lórí ilẹ̀ náà. Àwọn Koro, Gade, Bassa àti Gwandara sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìgbé ayé àwọn Gbagyi wọ̀nyí. Àgbẹ̀ paraku ni wọ́n. Iṣu àti ọkà bàbà ni olórí ohun ọ̀gbìn wọn. Àwọn obìnrin wọn a máa ṣe ìrù, a máa ṣẹ́gi tà, a sì máa mọ ìkòkò. Ohun kan tí ó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe ń ru ẹrù. Àwa Yorùbá a máa ká òṣùká, a ó sì gbé ẹrù lé orí. Obìnrin Gbagyi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èjìká ni ó ń gbé ẹrù igi tirẹ̀ lé. Ìdí tí wọ́n ń sọ ni pé orí ni olórí ara, kò sì yẹ kí á fi ẹrù ni ín lára. Àwa tí a mọ iyì orí náà kò gbọdọ̀ fi èyí ṣe ẹlẹ́yà. Èrò kan náà ni. Ìṣe ni ó yàtọ̀.

Nípa ti ìkòkò, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, láìlo ẹ̀rọ tí ń yí amọ̀. Obìnrin amọ̀kòkò a máa rìn yí ìkòkò náà ká títí yóò fi ga tó bí ó ti fẹ́, yóò sì fín àwòrán ejò, alángbá tàbí akéekèé sí i lára. Bí a ṣe kọ́ Ladi Kwali nìyẹn lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ ní ìlú Kwali. Ní ọdún 1954, ó wọ ilé iṣẹ́ ìkòkò tí Michael Cardew, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE ní 1962, Yunifásítì Ahmadu Bello sì fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1977. Ó kú ní 1984. Ẹ mú owó ogún náírà, ẹ yí i sẹ́yìn: òun ni obìnrin tí ń mọ ìkòkò níbẹ̀.

Ìlú tí ilé iṣẹ́ náà wà, Abuja ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Suleja ni ó ń jẹ́ lónìí, nítorí olú ìlú tuntun ti gba orúkọ náà. Ní 1975, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí Adájọ́ Akinola Aguda, ọmọ Yorùbá, ṣe alága rẹ̀, láti wá ibi tí olú ìlú yóò wà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì 1976, òfin jáde, ilẹ̀ náà sì di ti ìjọba àpapọ̀. Èrò àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n kó gbogbo onílẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Nígbà tí owó rẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n yí èrò náà padà: wọ́n kó àwọn kan lọ, àwọn mìíràn sì dúró. Kubwa wà lára ibi tí wọ́n kó àwọn tí ó wà láàárín ìlú lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ro èyí wò dáadáa. Ẹni tí a gba oko lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ni ó pàdánù. Ọkà bàbà tí ìyàwó rẹ̀ ń lọ̀, igi tí ó ń ṣẹ́, amọ̀ tí ó ń wà, gbogbo rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ náà. Owó gbà-má-bínú lè ra ilé. Kò lè ra iṣẹ́ òòjọ́ tí ọmọ ń wò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ padà.

Kí ni ó wá kù fún wa? Ẹ máa pè wọ́n ní Gbagyi, orúkọ tí àwọn fúnra wọn ń jẹ́. Ẹ sọ òtítọ́ fún ọmọ yín bí ó bá béèrè. Bí àgbàlagbà Gbagyi kan bá wà ní àdúgbò yín, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kí i dáadáa, kí wọ́n sì bi í bí ìlú ti rí nígbà èwe rẹ̀. Ẹ̀tọ́ aládùúgbò kò kéré nínú ẹ̀sìn wa. Ẹni tí a bá lórí ilẹ̀ kí a tó dé, aládùúgbò wa àgbà ni.