Ta Ló Ń Ṣọ́ Orúkọ Yín ní Báńkì?

Ọ̀pọ̀ òbí ló jẹ́ pé iṣẹ́ mẹ́ta péré ni wọ́n mọ̀: dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà. Bí ọmọ bá ní kọ̀ǹpútà lòun fẹ́ kọ́, wọ́n á ní ṣé kó lọ máa tẹ lẹ́tà fún èèyàn lábẹ́ agboòrùn ni? Ẹ̀yin òbí, ẹ fara balẹ̀ ná. Iṣẹ́ kan wà nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí aráyé kì í rí, bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe é bá sùn lọ, ọjà á dàrú. Òun ni iṣẹ́ alábòójútó dátábéèsì, tí àwọn òyìnbó ń pè ní DBA.

Kì í ṣe dátà tí ọmọ yín ń rà sórí fóònù o. Orúkọ yín, iye owó tó wà nínú àkáǹtì yín, nọ́ńbà BVN tí Báńkì Àpapọ̀ gbé jáde lọ́dún 2014, nọ́ńbà NIN yín, inú àká ni gbogbo rẹ̀ wà. Àká ọ̀hún ló ń jẹ́ dátábéèsì. Láyé àtijọ́, inú fáìlì ni akọ̀wé ń kó o sí, eku á jẹ níbẹ̀, ikán á jẹ níbẹ̀. Lọ́dún 1970 ni Edgar Codd, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá IBM ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé béèyàn bá to ọ̀rọ̀ sínú tábìlì, bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń fa ìlà sínú ìwé gbèsè, wíwá rẹ̀ á rọrùn. Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, àwọn náà ní IBM, ló wá ṣe èdè tí wọ́n fi ń bá tábìlì náà sọ̀rọ̀, ìyẹn SQL. Wọ́n ṣì ń sọ èdè náà títí dòní. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ ti di kọ́kọ́rọ́ àká mú.

Iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Kí bíríkìlà tó gbé búlọ́ọ̀kù, ayàwòrán ilé á ti sọ ibi tí pálọ̀ máa wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ayàwòrán dátà: òun ló ń sọ iye tábìlì tó máa wà àti bí tábìlì oníbàárà ṣe máa so mọ́ tábìlì owó, kí ẹnì kan má baà jẹ́ Bíọ́dún níbí, kó tún jẹ́ Abíọ́dún lọ́hùn-ún. Bí ilé bá ti dúró tán, ó di ọwọ́ alábòójútó. Òun ló ń sọ ẹni tó lè wọlé, òun ló ń wò ó kó má falẹ̀, òun náà ló ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ nítorí ọjọ́ burúkú.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní GitLab, iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé tọ́jú iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Lálẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, dátábéèsì wọn ń yọ wọ́n lẹ́nu. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà, ti gidi àti èkejì rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan fẹ́ pa ohun tó wà lórí èkejì rẹ́ kó lè tún un tò, àṣé orí ti gidi ló wà. Kó tó fura, kó tó dá a dúró, nǹkan bíi gígábáìtì 300 ti lọ. 4.5 ló kù.

Háà! Ó yá, ẹ gbé ẹ̀dà wá. Ọ̀nà márùn-ún ló yẹ kó gbà wọ́n, kò sí ọ̀kan tó ṣe é gbára lé. Èyí tó yẹ kó máa ṣe ẹ̀dà lójoojúmọ́, ohun èlò tí kò bá dátábéèsì wọn mu ló ń lò, kò sì rí i ṣe. Lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kígbe pé nǹkan ti bàjẹ́, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń dá a padà, kò dé ọ̀dọ̀ ẹnì kankan. Àpótí tí wọ́n rò pé ó kún, òfìfo ni. Ohun tó yọ wọ́n ni ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú, nítorí nǹkan mìíràn. Omi dànù, agbè ò fọ́. Síbẹ̀, iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà lọ gbé, àkáǹtì tuntun bíi 700 sì bá a lọ. GitLab kò fi í bò. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ síta kí aráyé lè fi kọ́gbọ́n.

Ọgbọ́n ọ̀hún rèé: ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni ò tíì dán wò, ìrètí lásán ni. Kí ọmọ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ yìí má kàn sọ fún ọ̀gá pé, “Mo ti ṣe é, sà.” Kó tú ẹ̀dà náà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kó ka ìlà inú rẹ̀, kó wo aago bó ṣe pẹ́ tó. Kó sì gbé ọ̀kan síbi tó jìnnà, torí bí ilé ò bá kan ilé, kì í jó àjóràn.

Níbo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀? PostgreSQL wà, ọ̀fẹ́ ni. MySQL náà wà. Kó kọ́ SQL, kó kọ́ Linux, kó to dátábéèsì ti ara rẹ̀, kó mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́, kó sì tún un ṣe. Ìwé ẹ̀rí Oracle àti ti Microsoft dáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti tún nǹkan ṣe rí lọ̀gá ń wá. Iṣẹ́ ayàwòrán ní tirẹ̀, ẹ̀yìn ọdún díẹ̀ ni. Ẹni tí kò tíì gbé nínú ilé rí kò lè mọ ibi tó ń jò.

Àwọn kan ní iṣẹ́ náà ti ń kú, pé Amazon ń báni tọ́jú dátábéèsì láti ọdún 2009. Apá kan òótọ́ nìyẹn. Amazon lè máa ṣe ẹ̀dà, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí kò yẹ kó rí owó oṣù ọ̀gá. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 sì ti di ẹrù náà lé iléeṣẹ́ tó bá kó orúkọ èèyàn jọ lórí.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá jẹ́ ẹni tó ń ka owó lẹ́ẹ̀mejì, tí kì í sùn láìyẹ ilẹ̀kùn wò, ẹ jẹ́ kó lọ kọ́ ọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.