Ẹ yé yin pásítọ̀, ẹ bá a gbé ẹrù

Bí a ṣe ń gba pásítọ̀ níyànjú ní Abidjan kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. A ó dá aṣọ ẹgbẹ́jọdá, a ó tò síwájú pẹpẹ pẹ̀lú àpòòwé lọ́wọ́, alága yóò sì ní kí Bàbá má ṣàárẹ̀, pé èrè wọn ń bẹ lọ́run. Tó bá di ọjọ́ Ajé, pásítọ̀ nìkan ni yóò tún lọ wo aláìsàn, òun ni yóò parí ìjà tọkọtaya, òun náà ni yóò wá owó ilé ìjọsìn. Èmi kò ka ìyẹn sí ìyànjú. Ìyìn tí a fi ń sá fún iṣẹ́ ni.

Ẹ wo Attécoubé níbi tí mo ń gbé. Láàárín igbó Banco àti ọ̀sà ló wà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Bí òjò oṣù kẹfà bá dé, ilẹ̀ a máa ya lu ilé. Ó ti pa ènìyàn ní Mossikro. Ní 2024, ìjọba wó ilé ní Boribana, bí wọ́n ṣe wó ti àwọn àdúgbò mìíràn ní Abidjan. Ẹni tí katakata wó ilé rẹ̀, ta ni yóò kọ́kọ́ pè? Bí ó bá jẹ́ ọmọ ìjọ, pásítọ̀ ni. Pásítọ̀ ni yóò wá ibi tí ìdílé náà yóò sùn, owó ìdógò fún onílé tuntun àti iléèwé fún àwọn ọmọ. Ó lè jẹ́ pé ilé tirẹ̀ náà wà lára èyí tí wọ́n wó. Síbẹ̀, lọ́jọ́ Àìkú, a fẹ́ kí ó gun orí àga ìwàásù bí ẹni tí kì í rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní Ọlọ́run tó pè é ni yóò fún un lágbára. Ṣùgbọ́n Bíbélì tí wọ́n gbé lọ́wọ́ kò tì wọ́n lẹ́yìn. Nínú Ẹ́kísódù orí 18, Jẹ́tírò kò yin Mósè nígbà tó rí i tó ń dá ẹjọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ó sọ fún un pé ohun tó ń ṣe kò dára, pé yóò pa òun àti àwọn ènìyàn náà lára, kí ó yan àwọn tí yóò bá a ṣe é. Ìyànjú gidi nìyẹn.

Etíkun tiwa yìí náà ní ẹ̀rí. Ní 1913, wòlíì William Wadé Harris ti Làìbéríà fi ẹsẹ̀ rìn wọ Côte d'Ivoire. Ó ṣe ìrìbọmi fún ènìyàn tó lé ní 100,000, àwọn Ébrié, tí wọ́n ni Locodjro àti Abobo-Doumé ní Attécoubé, sì wà lára àwọn tó gba ìwàásù rẹ̀. Kò pé ọdún méjì tí àwọn aláṣẹ Faransé fi lé e padà. Ìjọ wọ̀nyẹn ìbá ti túká, àmọ́ Harris ti ní kí wọ́n yan ènìyàn méjìlá ní abúlé kọ̀ọ̀kan láti máa bójú tó ìjọ. Nígbà tí míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, William Platt, dé ní 1924, ó bá àwọn ìjọ tí wọ́n ṣì ń pàdé, tí wọ́n ṣì ń kọrin.

Àwa Yorùbá pàápàá mọ ọ̀nà yìí. Àwọn oníṣòwò Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú mìíràn ló dá ìjọ sílẹ̀ ní Gánà àti ní Côte d'Ivoire. Ọjà ni wọ́n bá wá, wọn kì í ṣe pásítọ̀. Ta ló wá kọ́ wa pé kí ẹnì kan ṣoṣo máa ṣe gbogbo rẹ̀?

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba àwọn pásítọ̀ mìíràn. Wọ́n ní bí àwọn bá fún igbákejì láyè, yóò kó ìjọ lọ. Òótọ́ ni, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọ tó rọ̀ mọ́ ọrùn ẹnì kan yóò túká lọ́jọ́ tí ẹni náà bá ṣubú. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Nítorí náà, kí ìjọ yan àwọn tí yóò máa ṣe àbẹ̀wò, kí wọ́n sì pín àdúgbò láàárín ara wọn. Kí ẹlòmíràn máa tọ́jú owó, kí ó sì máa ka ìwé ìṣirò sétí ìjọ. Kí pásítọ̀ ní ìsinmi lọ́dọọdún tí ẹnikẹ́ni kò ní pè é. Àwọn obìnrin tó ń se oúnjẹ òkú, tó ń gba ọmọ aláìnílé sílé, ń ṣe iṣẹ́ olùṣọ́ àgùntàn lọ́jọ́ pípẹ́. Ẹ fún wọn ní oyè àti ohùn tó bá iṣẹ́ náà mu.

Àpòòwé kò burú, ebi ń pa pásítọ̀ náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá fi tiyín sílẹ̀, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ bi í pé: "Bàbá, èwo ni kí n gbà lọ́wọ́ yín lọ́sẹ̀ yìí?" Kí ẹ sì gbà á.